Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé: Bí A Ṣe Dáwó Tún Ilé Tísà Orin Wa Ṣe

Ọjọ́ ìkórè ọdún 2021 ni ìka tó kéré jù ní ọwọ́ ọ̀tún Tísà kọ́kọ́ kọṣẹ́ lórí dùùrù. Gbogbo àwa akọrin la gbọ́ ọ. Ohùn kan wà lókè pátápátá tó yẹ kó dún nínú orin tí a fi ń gba ọrẹ, kò dún. Tísà padà sí ìlà yẹn, kò tún dún. Ó fi ìka mìíràn dí àyè rẹ̀, orin ń lọ, èèyàn ń jó, a gbàgbé. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a pe ẹni tó máa ń tún dùùrù ṣe. Ó tú u palẹ̀, ó tò ó padà, ó ní òun ò rí nǹkan kan tó ṣe é.

Èmi ni akápò owó tí a dá fún Tísà lẹ́yìn náà. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí ni pé láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti parí, èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti pè mí lórí fóònù pé àwọn náà ní aláìsàn kan nílé, báwo la ṣe ṣe é. Gbogbo iye owó tí ẹ máa rí níbí, inú ìwé ìṣirò tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ti ń wò ó kọ. Mi ò ní dárúkọ Tísà, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Abẹ́òkúta ni Tísà ń gbé, ní apá ibi tí òkúta ti yọrí láàárín ilé àti ilé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni lórin. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí á rántí bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan dùùrù rárá. Á kọ orúkọ ọmọ kan sójú pátákó, á ní kí gbogbo wa fi dò, re, mí pè é, láìsọ̀rọ̀. Ó máa ń ní ẹnu Yorùbá ti ń kọrin kí olórin tó dé, pé ẹni tó bá gbé orin sódì lórí ọ̀rọ̀, irọ́ ló ń pa fún ìjọ. Á wá mẹ́nu ba Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962, tó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni wá nígbà náà, kò yé wa. Ó yé mi nísinsìnyí, àìsàn Tísà ló sì jẹ́ kó yé mi.

Lẹ́yìn ìka, ọwọ́ ló kàn. Lẹ́yìn ọwọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Àwọn kan ní rọpárọsẹ̀ ni, àwọn kan ní àsàsí ni. Owó tí ẹbí ná lórí àwọn tó sọ gbólóhùn kejì yìí, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan tó pè é lórúkọ: ALS. Àwọn fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ bá ẹran ara ni wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí fọ́nrán bá ti kú, ẹran tó ń dúró de àṣẹ rẹ̀ á rọ, á gbẹ. Síbẹ̀ etí ń gbọ́, ara ń mọ ìgbóná àti òtútù, ojú ṣì ń yí, ọ̀pọ̀ wọn ni làákàyè wọn sì pé pérépéré títí dé òpin. Ọdún méjì sí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń lò lẹ́yìn tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń ré kọjá ọdún mẹ́wàá. Gbogbo èèyàn ló ń dárúkọ Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì tó ní àìsàn yìí kan náà, fún Mọ́mì, ìyẹn ìyàwó Tísà, láti fi tù wọ́n nínú: 1963 ni wọ́n sọ fún un, 2018 ló kú. Òótọ́ ni, àmọ́ irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá.

Oṣù kẹta ọdún 2023 la kọ́kọ́ dáwó, bí a sì ṣe dá a kò dáa. Orí WhatsApp àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan lọ kí Tísà, ó ya fọ́tò rẹ̀ lórí ibùsùn, itọ́ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí á gbà wọ́n là, kí á gbé wọn lọ sí Íńdíà, mílíọ̀nù méjìlá náírà. Fọ́tò yẹn rìn ju ibi tí a rò lọ. Èmi náà fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje, èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta fi 1,870,000 náírà ránṣẹ́. Ọjọ́ kan ni ọmọ aládùúgbò kan wá fi fóònù han Tísà fúnra rẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.” Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Dókítà kan náà ló tún là wá lóye nípa Íńdíà. Ó ní láti 1869 tí dókítà kan tó ń jẹ́ Charcot ti ṣàpèjúwe àìsàn yìí ní ilẹ̀ Faransé, kò tíì sí oògùn níbikíbi láyé tó ń wò ó sàn. Èyí tó ń jẹ́ riluzole wà, ó máa ń fi oṣù bíi mélòó kan kún ọjọ́ aláìsàn, kò sì dìgbà tí èèyàn bá wọ bàálù kó tó rí i rà. Mo bi í pé kí la wá fẹ́ fi owó ṣe. Ó ní, “Ṣé ẹ ti bi í?”

A ò tíì bi í. Àádọ́rin èèyàn ló wà lórí WhatsApp yẹn, kò sí ẹni tó ti bi í.

Nígbà yẹn, ahọ́n Tísà ti wúwo débi pé ọ̀rọ̀ kì í yé àjèjì mọ́. Àmọ́ ó ṣì lè fi imú kùn. Á kùn ún pé mí-re-mí-re, Mọ́mì á sì dáhùn láti ilé ìdáná pé, “Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀ wá gbé yín jáde.” Gbé mi jáde. Bí ìlù ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fún bí oṣù mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di ìparí 2023, kíkùn náà ti lọ, ó wá ku ojú.

Ojú ni ọmọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kọ wọ́n sórí páálí ní ìlà márùn-ún, márùn-ún ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Á fi ìka tọ́ka sí ìlà, Tísà á ṣẹ́jú ní ìlà tó fẹ́. Á tún máa tọ́ka sí lẹ́tà, Tísà á tún ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni Tísà wá fi tirẹ̀ kún un: tí ojú bá gbé sókè lẹ́yìn lẹ́tà, mí ni, tó bá wolẹ̀, dò, tó bá wo ọ̀gangan, re. Ọmọ náà ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Mọ́mì ló mọ̀.

Lóṣù kìíní ọdún 2024, àwa mẹ́ta lọ jókòó síwájú Tísà, a bi í. Ó gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó parí ìdáhùn, kò sì sí ẹni tó já a gbà láàárín: Ẹ gbé mi dé ibi dùùrù.

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Pálọ̀ ni dùùrù wà. Láàárín méjèèjì ni ìgbésẹ̀ kan wà tó ga tó ìwọ̀n ọwọ́ kan, àti ilẹ̀kùn tí àga onítáyà kò lè gbà kọjá. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí Tísà ti fojú kan dùùrù rẹ̀ kẹ́yìn, lábẹ́ òrùlé kan náà. Títí dòní, tí mo bá rántí oṣù mẹ́jọ yẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a kọ̀wé sí gbogbo àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta. A ní owó Íńdíà ni ẹ fi ránṣẹ́, a ò lọ sí Íńdíà mọ́, ilé la fẹ́ tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà, kó sọ ṣáájú ọjọ́ báyìí. Àwọn kan nínú wa ní kí á má ṣe é, pé owó á tán lọ́wọ́ wa. Èèyàn mẹ́ta péré ló gba tiwọn padà, 85,000 lápapọ̀, a sì san án lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà la gbé owó kúrò ní àkáǹtì ẹni tó kọ́kọ́ ń gbà á, a ṣí tuntun tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó jáde. Ọmọ Tísà ò sí lára àwọn méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí á má fi òun sí i.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan wà ní London tó ń tọ́jú arúgbó. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fún ẹni tó bá yẹ ní owó tó tó 30,000 pọ́n-ùn láti fẹ ilẹ̀kùn àti láti tún balùwẹ̀ ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán ẹni tó mọṣẹ́ wá wọn ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin àwọn akanda ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe. Oṣù tí a ń bá Tísà sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọdún márùn-ún náà pé. Ṣùgbọ́n ilé tísà tó ti fẹ̀yìn tì kì í ṣe ilé ìjọba. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ó dáa, èmi ni máa wọn ilé.” Orí fóònù ló ti wọ̀n ọ́n, èmi ń fa téèpù, òun ń wò ó nínú fídíò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń pè mí fara balẹ̀ sí jù nìyí: ọ̀nà tí àga Tísà á máa gbà wọlé, tí á máa gbà jáde. Àtẹ̀gùn méje ló wà níwájú ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105. Wẹ́dà kan ti ní òun á fi irin ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn ní mítà méjì lé e lórí, ó sì gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. A yá irú rẹ̀ lò láti dán an wò. A di àpò sìmẹ́ńtì kan mọ́ àga onítáyà, kìlógíráàmù 50, a ní kí ọkùnrin méjì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àga náà já gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó lọ forí sọ ògiri gọ́tà, àpò bẹ́. Ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì bo gbogbo wa lójú. Tísà tó ju kìlógíráàmù 50 lọ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí ẹ̀gbọ́n fún wa ni pé bí ilẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, ọ̀nà gbọ́dọ̀ gùn ní méjìlá. Ẹ fi 12 sọ 105 di púpọ̀: mítà 12 àti sẹ̀ǹtímítà 60. Mítà mẹ́fà péré ló wà láti àtẹ̀gùn dé gọ́tà. A ronú pé ká ṣẹ́ ọ̀nà náà po lẹ́ẹ̀mejì, a tún rí i pé ibi tí àga á ti yí kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà kan àti ààbọ̀. Ó di ìkejì ọ̀sẹ̀ tí a ń ya á sórí ìwé, tí a ń pa á rẹ́. Mọ́mì ń wò wá. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí òkè kọ́ nilé yìí wà ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé náà dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Iwájú ló jìn, ẹ̀yìn ló ga. Mo gbé téèpù lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná: láti ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36. Ọ̀nà tí a nílò níbẹ̀ kò ju mítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Tísà ọkùnrin kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní àbúrò àwọn tó kọ́ ìdajì ìlú lórin, kò ní máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ẹni tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Iwájú ilé ni wọ́n ti ń kí èèyàn, iwájú ni àlejò ń gbà wọlé, àgbàlagbà ò sì gbọ́dọ̀ dohun ẹ̀yìnkùlé. A ò lè dá wọn lóhùn. A bi Tísà. Ó ní: Ilé mi náà ni. Ẹ̀gbọ́n Tísà wo páálí náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí á máa bá iṣẹ́ lọ.

Òkúta kan dí ọ̀nà láti ẹ̀yìnkùlé sí ojú títì, aládùúgbò ló sì ni ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fún wa ní mítà kan nínú ilẹ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ó ní orin Tísà ni wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó òun. Sìmẹ́ńtì wọ́n gógó lóṣù kejì ọdún yẹn, ó ju 10,000 lọ lápò ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà a dúró. Nígbà tó wálẹ̀ díẹ̀, a pe ọ̀wẹ̀ fún Sátidé, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wá: lọ́yà, awakọ̀, nọ́ọ̀sì méjì, adíyẹrà kan tó gbé ẹyin sísè wá fún gbogbo wa. Àwọn afọ́kúta ti dáná lé òkúta náà lórí láti ìdájí. Nígbà tó gbóná dáadáa, wọ́n fi òòlù lù ú, ó ń là pẹẹrẹpẹ. Àwa ń fi bárò kó yanrìn. Ẹnì kan gbé orin, gbogbo èèyàn gbà á ní ohùn mẹ́rin bó ṣe kọ́ wa, fèrèsé yàrá ẹ̀yìn sì wà ní ṣíṣí.

Nígbà tí bíríkìlà ti na kankéré tán, ó fẹ́ fi tírówẹ̀lì dán an. Ẹ̀gbọ́n pariwo nínú fóònù láti London pé kó dúró, pé àga á yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Mọ́mì mú ìgbálẹ̀ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fà á lára kankéré tútù náà láti ìbú dé ìbú, díẹ̀díẹ̀, títí dé òkè. Ìlà ìgbálẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ tiwa: a ò ṣe etí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, táyà sì fẹ́ yẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a dán an wò. A padà wá fi búlọ́ọ̀kù ṣe é.

Owó tí a ná nìyí. Sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti afọ́kúta gba 412,000. Irin ìfọwọ́mú, 95,000. Fífẹ ilẹ̀kùn mẹ́ta sí sẹ̀ǹtímítà 90, kí èyí tó wà láàárín yàrá àti pálọ̀ sì di èyí tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, 285,000. Balùwẹ̀, tí a wó odi rẹ̀ kan, tí a sì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ́gbọọgba kí omi lè ṣàn láìsí ìgbésẹ̀, 530,000. Owó ọwọ́ bíríkìlà, 180,000. Bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn àlòkù tí orí rẹ̀ ń gbé sókè, 350,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,852,000. Àga tó gbé ọrùn dúró, àwọn ará London ló fi ránṣẹ́.

Owó àkọ́kọ́ kò tó o, nítorí náà a ṣe ìrọ̀lẹ́ orin kan ní oṣù karùn-ún, 640,000 ló wọlé. A ò gbé fọ́tò aláìsàn kankan jáde. Tísà ló yan èyí tí a lò: ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí dùùrù, tí ẹnì kan yà ní 1998, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà tí a ṣírò tán, 573,000 ló ṣẹ́ kù. Àwọn kan ní ká fi kun ilé. Èmi ò gbà, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé mi: a fi gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wá lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti gbé Tísà, 45,000 lóṣù, torí pé ẹ̀yìn Mọ́mì ti ń dùn wọ́n, ọ̀nà tó dára jù ò sì níye tí kò bá sẹ́ni tó máa ti àga.

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, ni wọ́n gbé Tísà dé pálọ̀. A ti rò pé á sunkún, kò sunkún. Ó wo dùùrù, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí páálí: Ẹ ṣí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ aládùúgbò tó fún wa nílẹ̀. Wọ́n ní kó kọ nǹkan kan fún Bàbá. Ó kọ ìlà kìíní, ó kọ ìkejì, ó dé ibi ohùn tó ga, kò gùn ún dé òkè. Tísà gbé ojú sókè. Ọmọ náà dákẹ́, kò mọ ohun tó ṣe. Mọ́mì ní, “Wọ́n ní kó o gbé e sókè sí i.” Ó tún un kọ, kò tíì tó. Ojú Tísà ò kúrò lókè àjà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó débẹ̀. Nígbà náà ni Tísà tó gbé ojú kalẹ̀, tó wo dùùrù, tó tún wo ọmọ náà, tí Mọ́mì sì sọ fún un pé kó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ibẹ̀ ló rọrùn jù.